Ohùn Ìyá Mi Nínú Rẹ́kọ́ọ̀dù Enugu Road

Kí ẹ tó sọ pé mo ti mu nǹkan: n kì í mu ọtí, n kì í fa igbó, orí mi sì pé. Fíríìjì ni mò ń tún ṣe ní Brigade, ní Kano níbí. Iṣẹ́ iná ni mo fi ń jẹun, ẹni tó bá sì ń fi iná ṣeré kì í pẹ́ láyé. Nítorí náà, tí mo bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ kan yí láìsí iná, ẹ má ṣe kọ́ mi níṣẹ́ mi. Ojú mi yìí ló rí i, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè pariwo.

Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni ìyá mi kú. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù, ìborùn sì bo ìdajì ojú rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo àgbà Mùsùlùmí Yorùbá tó wà ní Sabon Gari nígbà náà ló mọ ohùn rẹ̀, torí akọrin wákà ni. Bí ẹnì kan bá ti Mẹ́kà dé, bí wọ́n bá ń sọ ọmọ lórúkọ, òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Ìgbà tí oyún mi wà nínú rẹ̀ ni wọ́n lọ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù kan, kékeré báyìí, orin kan lójú kan, orin kan lójú kejì. Ìgbà tí wọ́n fi máa kó o dé, ìyá mi ti wà nínú ilẹ̀.

Ìyá bàbá mi ló tọ́ mi, òun náà ló sì kó gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn kúrò nílé. Ó ní nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, tí wọ́n bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ, màá kọ oúnjẹ. Màá máa rẹ́rìn-ín sí ògiri, màá máa na ọwọ́ bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ gbé mi. Mo rù kan egungun kí wọ́n tó fura. Ìyá àgbà ní ohùn òkú kò gbọdọ̀ bá ọmọ gbélé, ó sì kó wọn fún ẹni tó bá fẹ́.

Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lásán ni mo kà á sí. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹni tí kò ní ìyá nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe é. Tí ọ̀rẹ́ mi kan bá ń ráhùn pé màmá òun ti tún ń pe òun lórí fóònù, inú á bí mi débi pé màá dìde kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí n gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó kú, ohun tí mò ń wá kiri láyé nìyẹn.

Ẹni tó ń bá mi wá a ni bàbá kan tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ ní Enugu Road. Ọmọ Ọ̀fà ni, ó ti pẹ́ ní Kano débi pé Hausa ló fi ń lá àlá. Bàbá Rẹ́kọ́ọ̀dù ni gbogbo wa ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tóóró, ó gùn wọnú bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù sì ga dé àjà ilé lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó pè mí.

"Ẹrù kan wọlé o. Wọ́n ń wó ilé àtijọ́ kan, àwọn ọmọ olóògbé tó nilé just pack everything give me. Wákà pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n customer mi kan ń bọ̀ láti Lagos lọ́la, gbogbo ẹ̀ ló máa kó. Maza maza, sáré wá."

Mo ti fíríìjì tí mò ń tú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gun ọ̀kadà. Nígbà tí mo débẹ̀, bàbá ti ṣe àlùwàlá, ó ti dé fìlà.

"Mò ń lọ Jímọ̀. Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ máa lọ ná, Bàbá. Màá kírun níbí."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "To. Sai na dawo, ó dìgbà tí mo bá dé. NEPA ti mú iná lọ o, generator náà sì ti kọṣẹ́. But you know how to do it."

Lóòótọ́, mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń ra rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Tí iná kò bá sí, a máa gbé rẹ́kọ́ọ̀dù lé ẹ̀rọ, a máa gbé abẹ́rẹ́ lé e lórí, a máa wá fi ìka yí i díẹ̀díẹ̀. Kò sí sípíkà tó máa sọ̀rọ̀, àmọ́ tí ẹ bá dẹ etí sún mọ́ abẹ́rẹ́ yẹn gan-an, ẹ máa gbọ́ orin náà, tíntín bí ẹ̀fọn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń mọ èyí tó ṣì dára.

Bàbá lọ. Àwọn ṣọ́ọ̀bù Mùsùlùmí tó wà lágbègbè náà tì, ooru mú, àdúgbò dákẹ́. Ọ̀sán gangan ni. Àwọn àgbà kì í sì í jẹ́ kí ọmọdé máa rìn gbéregbère ní ọ̀sán gangan, torí àwa nìkan kọ́ là ń ná ọjà ní àkókò yẹn.

Mo ń tú àpótí. Eruku wọ mí nímú, aláǹtakùn ń sá kiri. Mo yẹ èyí wò, mo yẹ tọ̀hún wò. Mo ti fẹ́ sọ̀rètí nù nígbà tí ọwọ́ mi kan aṣọ ní ìsàlẹ̀ àpótí. Ìborùn àtijọ́ ni, wọ́n fi wé nǹkan bí ìgbà tí wọ́n wé ọmọ tuntun. Rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré kan ló wà nínú rẹ̀. Omi ti fọ orúkọ ojú rẹ̀ lọ, kò ku lẹ́tà kan.

Ẹ bi mí pé kí ló mú mi gbé e lé ẹ̀rọ. N kò lè sọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka yí i, mo dẹ etí sí abẹ́rẹ́. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ariwo eruku. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ àtẹ́wọ́, mo gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tó ń gbè. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan dá orin.

Wallahi, kò sí ẹni tó sọ fún mi. Ara mi ló mọ̀ ọ́n. Omi bọ́ lójú mi sórí tábìlì, mo sì ń rẹ́rìn-ín, àgbàlagbà bíi tèmi. Ohùn rẹ̀ tín-ínrín, ó sì dùn ju bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi lọ.

Ó ń ki ìdílé bàbá mi. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù, ìyàwó ilé ni, ó yẹ kó mọ̀ ọ́n. Àfi bí ó ṣe ki ìdílé náà tán tó ní, "Àlàó."

Ọwọ́ mi dúró.

Àlàó ni oríkì mi. Ìyá bàbá mi ló fún mi, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, nígbà tí ìyá mi ti wà nínú sàréè. Láti ìgbà tí Ìyá àgbà náà ti lọ, kò sí ẹni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi gan-an kò mọ̀ ọ́n. Ẹ wá rò ó wò: nígbà tí wọ́n ń kọ orin yẹn, inú ni mo ṣì wà.

Mo wo ìka mi. Kò sí lára rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù náà sì ń yí.

Ojú mi lọ síbi wáyà, torí ohun tí iṣẹ́ mi kọ́ mi nìyẹn. Wáyà ẹ̀rọ náà rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Kò kan ibì kankan.

"Àlàó."

Àwọn elégbè ti dákẹ́. Ẹni tó bá mọ wákà mọ ìdí tí wọ́n fi ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí olórí orin bá dárúkọ rẹ lójú agbo, elégbè á dúró dè ọ́ kí o jẹ́ ẹ, kí o yọjú. Ẹni tí kò bá dáhùn ti dójú ti ilé bàbá rẹ̀. Mo sì tún mọ èkejì, torí kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn kò kọ́: tí o bá gbọ́ orúkọ rẹ tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má jẹ́ ẹ.

Mo mọ̀ ọ́n o. Ṣùgbọ́n ọmọ wo ni ìyá rẹ̀ máa pè tí kò ní dáhùn? Ìpè àkọ́kọ́ láyé mi nìyí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku.

"Ẹ̀ẹ́n, mà."

Kò kọrin mọ́. Ó rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ lójú oorun. "O ti dàgbà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ni wọ́n ní ó jẹ́ èmi?"

Ó yé mi kíá. Ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí a bí nílé wa lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ mi ni, Yétúndé la sì sọ ọ́, bí gbogbo Yorùbá ṣe ń ṣe nígbà tí ìyá bá ti lọ. Mo dá a lóhùn. Mo fi ẹnu ara mi dárúkọ ọmọ mi.

"Gbé mi lọ sílé," ni ohùn náà wí.

Ilẹ̀ ni Bàbá Rẹ́kọ́ọ̀dù bá mi nígbà tó ti mọ́ṣáláṣí dé. Ó gbé mi dìde, ó fún mi lómi, ó ń ṣe subhanallahi. Mo nawọ́ sí rẹ́kọ́ọ̀dù náà. Ó fi ìka yí i, ó dẹ etí sí i, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Haba! Kò sí nǹkan nínú eléyìí. Ojú ẹ̀ ti jẹ pátápátá, it's empty." Ó wo ìborùn náà, ó fà sẹ́yìn. "Níbo lo ti rí i? Èmi ni mo fọwọ́ ara mi to àpótí yẹn. Kò bá ẹrù wá. Jẹ́ kí n fọ́ ọ."

Mo gbá a mọ́ àyà. Mo ní kó dá iye tó fẹ́, ó kọ̀, ó ní òun kò ta ohun tí òun kò rà. Títí mo fi dé ìta ló ń sọ pé, "Don't carry am go house o. Ọ̀gá, please."

Mo gbé e lọ sílé wa ní Hotoro. Mo fi í sábẹ́ aṣọ mi nínú wọ́dúróòbù, n kò sọ fún ìyá Yétúndé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọmọ tí Yétúndé jẹ́ fún yín. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Kano ni wọ́n bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ ẹ kò lè gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Tí ẹ bá fi Yorùbá pè é, Hausa ló máa fi jẹ́. "Ina zuwa, Baba," á ní òun ń bọ̀, á sì máa ṣeré lọ. Mo ti bá a jà títí lórí rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú àwọn ọmọ aládùúgbò. Wọ́n ti ń pe ìrun Màgàríbà. Ìyá rẹ̀ ń bu oúnjẹ, mo sì pè é, "Yétúndé! Wá jẹun."

Ohùn tín-ínrín kan wá dá mi lóhùn.

"Mò ń bọ̀, Àlàó."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi. "Ta ni Àlàó?" ló bi mí. Mo bẹ̀rẹ̀ mú ṣíbí náà nílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ yẹn kò sọ Hausa mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á wá pè é, á máa wò wọ́n bí àlejò. Yorùbá tó ń sọ, èmi gan-an kì í gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Kì í jẹun tó bó ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀, ó ti ń rù. Tó bá di ọ̀sán gangan, á dúró níwájú wọ́dúróòbù, á máa pàtẹ́wọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ìyàwó mi pe alfa wá. Alfa kò tíì jókòó tó fi béèrè pé, "Kí lẹ gbé wọlé?" Mo jẹ́wọ́ fún ìyàwó mi lọ́jọ́ náà. Ó sunkún títí. Ó ní tí n kò bá fọ́ nǹkan náà, òun á mú ọmọ òun, òun á lọ. Mo rántí Ìyá àgbà, mo rántí bí mo ṣe rù nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ, gbogbo wọn.

Mo gbé e jáde lọ́sàn-án àná. Mo tẹ́ ẹ sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìnkùlé, mo gbé òkúta sókè. Ọmọ mi ni mo fẹ́ gbà padà, ẹ gbọ́ ọ. Mo ti gbé apá sókè tán kí Yétúndé tó pè mí láti inú yàrá, jẹ́jẹ́, bí ìyá ṣe ń pe ọmọ tó ti pẹ́ níta.

"Àlàó."

Mo gbé òkúta sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀ẹ́n, mà."

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ kiri, ẹ máa wá a, n kò ní kí ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n tí ohùn tó wù yín jù láyé bá pè yín láti ibi tí ẹ kò ti rí ẹnu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáhùn. Ẹ má sì dárúkọ ọmọ yín fún un.

Rẹ́kọ́ọ̀dù náà ti padà sínú wọ́dúróòbù. Ìyàwó mi ti ń di ẹrù. Ohùn ìyá mi wà nílé mi láàárọ̀ àti lálẹ́ báyìí, bí mo ṣe ń tọrọ rẹ̀ láti kékeré. Kò sí ẹni tó ń pè mí ní Baba mọ́.