Ihò Àárín Aṣọ Akaiti

Ní erékùṣù Mauke, Tepaeru ló máa ń ka ègé aṣọ fáwọn obìnrin tó bá fẹ́ rán tivaevae, aṣọ ìbora tí wọ́n fi ègé kéékèèké tò pọ̀. Kò kọjá ìwé mẹ́rin, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn ìṣirò. Iye kan náà ló máa ń kà: ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé mọ́kànlélógójì. Mọ́kànléláàádọ́rin ní gígùn, mọ́kànléláàádọ́rin ní ìbú. Ìyá ẹ̀ ló kọ́ ọ. Ó ní kó yọ ẹyọ kan sọ́tọ̀ fún àárín, kó pín ìyókù. Látorí ẹnì kan dé orí ẹni mẹ́wàá, iye yòówù kó jókòó, kò ní ṣẹ́kù, ìjà ò sì ní sí.

Lọ́dún yẹn, aṣọ ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ Akaiti ni wọ́n fẹ́ rán. Ogójì ọdún ni Akaiti àti Tepaeru ti ń jókòó ti ara wọn níbi iṣẹ́ yìí. Wọ́n pé mẹ́wàá. Tepaeru sín ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́rin sórí okùn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Akaiti ní òun lòun fẹ́ rán ti àárín, Tepaeru sì ṣèlérí fún un.

Kò pẹ́ tí kíndìnrín Akaiti daṣẹ́ sílẹ̀, ni wọ́n bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ nílùú Auckland, lókè òkun. Àwọn tó kù ní àfi káwọn tú gbogbo okùn, káwọn tún un kà. Tepaeru ní rárá, kí ẹni mẹ́sàn-án mú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta mẹ́rìndínlọ́gọ́ta lára ti Akaiti. Ó tán géérégé. Nígbà tí Tutai, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án náà, tún bá ọkọ̀ òkun lọ sí Rarotonga kó tó fabẹ́rẹ́ kan tiẹ̀, ẹni mẹ́jọ mú àádọ́rin àádọ́rin. Ó tún tán.

Bó ṣe rọrùn tó yẹn gan-an ló ń dun Tepaeru. Ó dà bíi pé iye náà ti pa ààyè Akaiti dé, bí ẹni tí kò jókòó níbẹ̀ rí. Ẹyọ kan péré ló kù tí wọn ò lè pín.

Wọ́n rán aṣọ náà tán, ihò wà láàárín. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí bàlúù gbé e lọ Auckland fún ìgbéyàwó náà.

Ina, ọ̀kan nínú àwọn tó rán an, bi Tepaeru pé, “Ṣé eku ló jẹ ẹ́ ni ká sọ fáwọn àna? Rán an pa, jàre.”

“Ina, ẹni tó ni ibẹ̀ ṣì wà láyé.”

Tepaeru fi òwú sínú abẹ́rẹ́, ó gún un mọ́ ègé kan yẹn, ó ká a sínú aṣọ.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, Akaiti pè é lórí fóònù.

“Òwú tó o fi sí i yìí kúrú.”

“Tó bá gùn, wàá ta á ní kókó. Ojú ẹ dà?”

Akaiti rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó lóun ti rán an, àmọ́ ó wọ́.

“Apá ibo ló wọ́ sí?”

“Apá ọ̀tún.”

Ogójì ọdún ni Tepaeru ti ń bá a tú apá ọ̀tún tó máa ń rán wọ́ yẹn.

Ó ní, “Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo rán an lóòótọ́.”