Àgbẹ̀ Òyìnbó Lára Ògiri Màmá

Ayàwòrán náà ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà pupa, ó rọra fi kan etí àgbẹ̀ òyìnbó inú àwòrán, lójú ẹsẹ̀ etí náà dà bíi ti ẹni tí oòrùn ti pa láti òwúrọ̀. Màmá gbá ọwọ́ mi mú. Mo rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n, nítorí a ti rìn díẹ̀ lójú pópó Siluko kí a tó yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo gbójú sókè, omijé ti lé ròrò sójú wọn.

Màmá kì í ṣe ìyá ìyá mi, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ìyá bàbá mi. Alájọgbé wa ni wọ́n ní Uwasota, nílùú Bìní, ará Ọ̀wọ̀, yàrá wọn kọjú sí tiwa. Lọ́sàn-án, a máa ń gbọ́ ìró ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó sínú abọ́ tánganran. Yorùbá ni àwọn òbí wa, ṣùgbọ́n ọmọ Bìní ni àwa ọmọdé ibẹ̀ ka ara wa sí, Pijin ló yá lẹ́nu wa. Bí Màmá bá bi wá ní nǹkan tí a fi Pijin dá wọn lóhùn, wọ́n á ní, “Èdè tí mo fi bi ọ́ kọ́ nìyẹn. Tún un sọ.” A ó sì tún un sọ.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ó ti dàgbà, oko rọ́bà kan lẹ́yìn ìlú ló ti ń ṣiṣẹ́, a kì í sì í rí i láìdé akẹtẹ̀. Ìjàǹbá mọ́tò ló mú un lọ. Nílẹ̀ wa, òbí kì í fojú kan sàréè ọmọ. Àwọn ẹbí wá láti Ọ̀wọ̀, wọ́n gbé òkú lọ sílé, wọ́n fi Màmá sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kí wọ́n tó lọ, ẹ̀gbọ́n Màmá ọkùnrin kó gbogbo fọ́tò ọmọ náà, èyí tó wà lára ògiri àti èyí tó wà nínú àpótí. Kì í ṣe láti fìyà jẹ wọ́n. Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kí ojú ìyá má baà máa rí ohun tí yóò máa gún un lọ́kàn. Orúkọ ọmọ náà la fi ń pe Màmá tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àwọn òbí wa kìlọ̀ fún wa pé “Màmá” lásán ni kí a máa pè wọ́n.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo gbọ́ tí Màmá ń sọ fún ìyá mi pé, “Mo rántí ohùn rẹ̀. Mo rántí bó ṣe ń rìn. Ojú rẹ̀ ló ń sá fún mi.” Ìyá mi ní kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọmọ Bìní gidi ni ayàwòrán náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wo àwòrán àtijọ́ àwọn òyìnbó nínú ìwé, kí ó fi ọ̀dà olóròóró yà á sórí aṣọ tí ó nà mọ́ igi, fún àwọn tó fẹ́ ṣe pálọ̀ wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà ń rùn fún òróró àti kẹrosíìnì. Èyí tí ó ń yà lọ́jọ́ náà jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin àgbẹ̀ kan láti ilẹ̀ òkèèrè. Ó dé akẹtẹ̀, erùpẹ̀ wà ní orúnkún ṣòkòtò rẹ̀, ó sì gbé èjìká kan ga ju èkejì lọ, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Awọ rẹ̀ kò jọ tiwa, imú rẹ̀ kò jọ tiwa. Ṣùgbọ́n èjìká yẹn, èmi náà mọ̀ ọ́n: bí ọmọ Màmá ṣe máa ń gbé tirẹ̀ nìyẹn.

Ayàwòrán kò gbọ́ Yorùbá, Màmá kò gbọ́ Edo. Èmi ni mo wà láàárín wọn pẹ̀lú Pijin mi.

“Sọ fún un pé èmi ni mo fẹ́ rà á,” ni Màmá wí. “Kó bá mi fi àpá kékeré kan sí àgbọ̀n rẹ̀.”

Mo sọ ọ́. Ọkùnrin náà mi orí. “Mama, na copy I dey do. Wetin no dey for book, I no dey add am.” Ó nawọ́ sí ojú ìwé tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi. Àgbọ̀n òyìnbó yẹn ń dán bí ẹyin.

“Kí ló wí?”

“Ó ní òun kì í fi ohun tí kò sí nínú ìwé kún un.”

“Olórí kunkun! Ṣé òyìnbó tó kọ́kọ́ yà á máa la òkun kọjá wá bá a jà ni? Sọ fún un pé ọmọ mi ni.”

Mo wò wọ́n. Wọ́n ní, “Sọ ọ́.”

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ayàwòrán kò rẹ́rìn-ín, kò sì béèrè bí òyìnbó ṣe di ọmọ wa. Ó nu búrọ́ọ̀ṣì kan tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, ó fi kan ọ̀dà, ó nà án sí Màmá. “Make you put am yourself.” Èyí kò nílò ògbufọ̀.

Màmá gbé búrọ́ọ̀ṣì dé ìtòsí àgbọ̀n náà. Lẹ́yìn náà wọ́n dá a padà fún ọkùnrin náà láìfi kàn án.

“Rárá,” ni wọ́n wí. “Bí mo bá fi àpá sí i, ẹ̀gbọ́n mi á dá a mọ̀. Á sì gbé e lọ.”

Bí òyìnbó náà ṣe dé ara ògiri Màmá láìlápá nìyẹn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn tún wá kí wọn, bàbá náà dúró níwájú àwòrán náà.

“Ta lo gbé kọ́ síbí?”

“Àgbẹ̀ òyìnbó ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“Àgbẹ̀ wo? Àgbẹ̀ tí kò ní ọkọ́ lọ́wọ́! Ẹ̀yin ará Bìní yìí, kò sí ohun tí wọn kò lè tà fún yín.” Bàbá náà rín ẹ̀rín títí ó fi ń wúkọ́. Màmá bá a rín in, wọ́n sì bu ẹran kún ọbẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ó lọ, Màmá gbé àga wọn, wọ́n jókòó kọjú sí ògiri.

Mo rò nígbà náà pé wọ́n ti borí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n sọ fún mi pé, “Ojú òyìnbó yìí ti gba ipò ojú ọmọ mi. Bí mo bá dijú, àgbọ̀n tí kò lápá ni mò ń rí.” Síbẹ̀, wọn kò gbé e kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi kú.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ báyìí. N kò ní kí ẹnikẹ́ni kórìíra àṣà wa. Àánú ló bí i. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé àánú náà lè ṣìnà. Láìpẹ́ yìí, ọ̀fọ̀ ọmọ ṣẹ obìnrin kan tó ń gbé lẹ́bàá Airport Road. Àwọn ìyá ìjọ jókòó tì í, wọ́n ń sọ pé kó má sunkún mọ́, kó gbàgbé. Nígbà tí wọ́n dìde lọ, mo fa àga mi súnmọ́ ọn, mo bi í pé, “Kí ni ọmọ yìí fẹ́ràn láti máa jẹ?”

Ó wò mí bí ẹni pé mo gbá a létí.

“Ẹ̀wà ni, Mà,” ó ní. “Èyí tó bá ti jóná díẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò. Á ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.” Ó sì na ọwọ́ rẹ̀, ó fi hàn mí bí ọmọ náà ṣe máa ń di ṣíbí mú.