Fọ̀ọ́mọ́ àti Ẹgbẹ̀rún Aṣọ

Ìdọ̀tí tó bá gbọ́ ohùn Fọ̀ọ́mọ́ lẹ́nu ọ̀nà á ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kí omi tó kan aṣọ. Ọdún méjìlélógún ló ti ń fọṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́ débi pé eṣinṣin máa ń nu ẹsẹ̀ kó tó bà lé e.

Nígbà tí ọ̀gá àwọn afọṣọ fẹ́ fẹ̀yìn tì, máníjà ní Fọ̀ọ́mọ́ lòun fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Bí kò bá yege, wọ́n á gba àjèjì láti ìta, tí yóò wá máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fún aṣọ. Ìyẹn ló ká a lára.

Kíkà kò ṣòro fún un. Ọnà èdè ló ń bá a jà, àwọn ọ̀rọ̀ tó ń ṣe fáàrí, tí kì í sọ ohun tó ń sọ gan-an. Fọ̀ọ́mọ́ bá kó gbogbo wọn lọ sídìí okùn ìsáṣọ. Àfiwé tààrà, ó ní aṣọ tí pẹ́ẹ̀gì rẹ̀ hàn síta ni: bí o bá ti rí “like” tàbí “as”, pẹ́ẹ̀gì nìyẹn. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, wọ́n kàn fi kọ́ okùn láìsí pẹ́ẹ̀gì: wọn ò ní ọkùnrin náà dà bíi kìnnìún, wọ́n ní kìnnìún ni, ó parí. Ìsọhundènìyàn ńkọ́? Ṣẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn kó sí nínú ni, tó ń juwọ́ sí ọ bí àna rẹ.

Inú tíṣà rẹ̀, ọmọdébìnrin kan tí Fọ̀ọ́mọ́ lè bí lọ́mọ, ń dùn sí i, àfi ìgbà tí wọ́n dé orí àsọdùn. Tíṣà kọ ọ́ sójú pátákó ní Gẹ̀ẹ́sì pé ẹnì kan fọ ẹgbẹ̀rún aṣọ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

“Màmá, irú wo nìyí?”

“Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.”

“Rárá o, àsọdùn ni. Ta ló lè fọ̀ ọ́?”

Fọ̀ọ́mọ́ dìde fùú. “Èmi! Lọ́jọ́ tí àwọn àlejò tó wá ṣe àpérò ńlá kan ní òtẹ́ẹ̀lì wa lọ, ẹgbẹ̀rún kan àti mẹ́rìnlá ni mo fọ̀, láìka táwẹ̀lì! Tíṣà, ẹ lọ bi ẹ̀rọ ìfọṣọ!”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Nínú ìdánwò àkọ́ṣe, gbogbo àsọdùn tó rí ló kọ “òótọ́ ni” sí. Ó fìdí rẹmi. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí ti gidi dé.

Ó délé, ó ń ro ọbẹ̀ tìbínú-tìbínú. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tí ẹnu rẹ̀ gùn ju rúlà rẹ̀ lọ, ti jókòó sídìí tábìlì.

“Ìyá àwọn ọmọ mi, ọgọ́rùn-ún ọdún ni mo ti ń retí oúnjẹ yìí o!”

“Olówó orí mi, ẹ ò tíì pé ọgọ́ta ọdún láyé.”

“Ṣé mo ní kó o kà á ni? Mo ní kó o ṣàánú mi!”

Ṣíbí já bọ́ lọ́wọ́ Fọ̀ọ́mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ọbẹ̀ fi jóná. Ṣé ohun tó wà níbẹ̀ nìyí? Àsọdùn kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe iye. Ẹni tó ń sọ ọ́ kò fẹ́ ká kà á, ó fẹ́ kó ká wa lára bó ṣe ká òun náà lára.

Lọ́jọ́ ìdánwò, gbólóhùn kan ní ìyá kan sunkún títí omijé rẹ̀ fi kún odò. Fọ̀ọ́mọ́ tẹjú mọ́ ọn. “Ṣé o fẹ́ kí n wọn odò yẹn ni, àbí o fẹ́ kí n ṣàánú rẹ?”

“Màmá, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?” ni olùṣọ́ ìdánwò wí.

“Gbólóhùn yìí ni. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ó ti dá mi lóhùn.”

Ó yege. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ìfọṣọ, afọṣọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé jókòó pàà sílẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀. Ẹgbẹ̀rún aṣọ ni mo ti fọ̀ láti àárọ̀!”

Fọ̀ọ́mọ́ wo inú apẹ̀rẹ̀. Mẹ́jọ ni.

“Sinmi, ọmọ mi,” ló wí. “Àsọdùn rẹ mọ́ ju aṣọ rẹ lọ.”