Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Orúnkún Ìyá Télọ̀ Ò Gbọdọ̀ Mì

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Ìyá Télọ̀ ti fi ń fi ẹsẹ̀ wa maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni orúnkún ọ̀tún ti ń wú, bí ẹni pé ó fẹ́ bá orí dọ́gba. Wọ́n fa omi rẹ̀, ó sun òmíràn. Ó lo oògùn títí inú rẹ̀ fi ń bẹ̀bẹ̀. Orúnkún ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Bí kò bá sì lè wa maṣíìnì mọ́, iṣẹ́ bùṣe nìyẹn.

Dókítà ní, "Mama, awọ fẹ́lẹ́ tó wà nínú oríkèé yín ló ń bínú. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ní ìtànṣán, èyí tí wọ́n ń pè ní radiation, nínú. A ó gún un sínú orúnkún, á máa jó awọ náà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹsẹ̀ yìí ò gbọdọ̀ mì, kí oògùn má baà jò kúrò níbi tá a fi í sí."

"Ọjọ́ mẹ́ta péré? Èmi tí mo bí ọmọ mẹ́rin!"

Ọkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, wúkọ́. "Dókítà, ẹ dè é dáadáa o. Lójú oorun pàápàá, ó ń wa maṣíìnì. Ẹ̀yìn mi ló máa ń tẹ̀."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gún un, wọ́n fi pátákó de ẹsẹ̀ láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, ó di ilé. Aládùúgbò kan tó wá kí i dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun gbọ́ pé ìtànṣán ń ràn.

"Ẹ wọlé jàre. Bí mo bá ń tàn, ẹ ó fi mí wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò rẹ̀ obìnrin jókòó sí pálọ̀, ó ń bá a parí aṣọ ìyàwó kan tí wọ́n ń bọ̀ wá gbà lọ́jọ́ kẹta. Maṣíìnì dún. Bó bá sáré, itan Ìyá Télọ̀ á le koko nínú ìdè. Bó bá dúró, á dẹ̀.

"Ó ń sáré jù níbi ọrùn!" ló ké láti yàrá. Ó gbá etí bẹ́ẹ̀dì mú, ó fẹ́ dìde.

Tíṣà ò bá a jiyàn. Ó lọ sí pálọ̀, ó bọ́ bẹ́líìtì maṣíìnì, ó fi sápò, ó padà wá jókòó.

"Bàbá wọn, ẹ fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́!"

"Orúkọ á dúró. Ẹsẹ̀ ni kó má dìde."

Àbúrò rẹ̀ bá gbé aṣọ wọlé. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò ṣá de ọwọ́ yín."

Bí wọ́n ṣe tẹ́ aṣọ ìyàwó sórí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ rán an títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Tíṣà ló ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Ìgbà mẹ́rin ló ń tàsé ihò kó tó bá a lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dójú àmì. Ẹsẹ̀ ò mì títí aṣọ fi parí, tí ọjọ́ mẹ́ta sì pé.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Dókítà fa téèpù yọ, ó fẹ́ wọn orúnkún. Ìyá Télọ̀ wò ó díẹ̀, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

"Dókítà, ẹ gbé e wá. Wọn kì í fún téèpù báyẹn, àfi bí ẹ bá fẹ́ kí aṣọ fún èèyàn pa."

Ó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Orúnkún ti fi ínǹṣì méjì dín. Ó tún un wọ̀n, kí wọ́n má baà ní ó rẹ́ wọn jẹ. Ó nà án, ó ká a. Orúnkún ṣì ń dún kẹ́kẹ́ bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́ràn.

"Ẹ lè padà sẹ́nu iṣẹ́, Mama," ni dókítà wí, "ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ máa…"

Ìyá Télọ̀ ti ń wá bàtà rẹ̀.