Lójú Ọ́fíìsì, Ilé Ló Wà

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù nípa ọkùnrin yìí: kì í mu tíì àfi tó bá ti tutù tán, lẹ́yìn náà ni á wá máa ráhùn pé ó tutù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fèsì lẹ́tà àwọn oníbàárà tínú ń bí, fún iléeṣẹ́ tó gbà kí òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ nílé, tí kò sì gbà kó ṣe é níbòmíràn. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni méjì nítorí òfin yẹn.

Nígbà tí àìsàn gbé ìyá rẹ̀ dé ọsibítù, ìrìn wákàtí mẹ́fà sílé, ó tọrọ ààyè. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa dípò rẹ̀. Ló bá dọ́gbọ́n: ó ṣètò àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì pálọ̀ rẹ̀ débi pé ohunkóhun tó bá ṣe lórí kọ̀ǹpútà lẹ́bàá ibùsùn ìyá, pálọ̀ yẹn ni á kọ́kọ́ gbà kó tó dé ọ́fíìsì. Lójú ọ̀gá, ọkùnrin wa jókòó sílé jẹ́jẹ́. Àbúrò ìyá rẹ̀ ló fi ṣọ́lé.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan àpótí tó ń ṣẹ́jú yẹn o.”

“Ọkùnrin tó ṣẹ́jú sí mi gan-an, mi ò fọwọ́ kàn án, ká má tíì sọ àpótí.”

Ọjọ́ márùn-ún lọ geere. Lọ́jọ́ kẹfà, ìyá ń sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lábẹ́ aṣọ ìbora, èémí rẹ̀ ń há. Àpótí pálọ̀ kú. Kọ̀ǹpútà ò sì dúró bi ẹnikẹ́ni. Íńtánẹ́ẹ̀tì ọsibítù ló yà sí, ọ́fíìsì sì rí i. Kò pẹ́ tí fóònù dún.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ilé lẹ wà?” Ọ̀gá ni.

“Ilé ni, sà.”

“Ta ló wà pẹ̀lú màmá ibùsùn kẹrin?” ni nọ́ọ̀sì pariwo lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀gá gbọ́ ọ. “Ẹ bá wa kí màmá ibùsùn kẹrin. Ẹ dúró tì wọ́n dáadáa. Ẹ má ṣèyọnu àtipadà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́.”

Ó pe Àǹtí.

“Mi ò fọwọ́ kan àpótí rẹ o! Mo fẹ́ lọ ra ọṣẹ ni, mo kàn pa iná ara ògiri, kí ilé má baà jó. Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?”

“Wọ́n wà níbẹ̀.”

Ìyá lajú. “Ìwọ yìí, ṣé o ò níṣẹ́ lónìí ni?”

“Ọ̀gá ní kí n dúró tì yín, Màámi.”

“Èèyàn dáadáa ni ọ̀gá ẹ.” Ojú rẹ̀ tú ká fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà, ó sì padà sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ràn, irọ́ wo ló pa fún ìyá rẹ̀?