Òkúta Dúdú Tí Ìyá Mi Fi Ń Gún Ọlọ

Nígbà tí mo ṣì ń sáré kiri Sabon Gari ní Zaria láìwọ bàtà, kò sí ilé tó ní òkúta bíi tiwa. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà o, ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé, kò sí ọ̀mọ̀wé tó lè bá mi jiyàn lé e lórí.

Bàbá mi, ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé, ló ń wa lọ́rì tó ń kó ọ̀dùnkún láti ọ̀nà Jos. Òkúta náà ló fi ń dí táyà lórí òkè. Dúdú ni, kò ju orí ewúrẹ́ lọ, ṣùgbọ́n géńdé tó bá fẹ́ fi ọwọ́ kan gbé e á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni yóò ki ọwọ́ kejì bọ̀ ọ́. Àwọn ẹyọ kan wà lára rẹ̀ tó ní àwọ̀ ewé, wọ́n ń dán bí oòrùn bá kàn wọ́n.

Ìyá mi gba òkúta yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀rọ ìlọta ò lè mọ̀: ọlọ tí a bá lò pẹ́, ojú rẹ̀ á dán, ata ò ní kúnná lórí rẹ̀ mọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á fi òkúta tó le jù ú lọ gún ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi tún rí ṣákaṣàka. Iṣẹ́ ìyá mi nìyẹn. Òkúta ẹlòmíràn á fọ́ lórí ọlọ kan ṣoṣo. Tiwa ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń fi òun ṣiṣẹ́. Láti Tukur-Tukur títí dé Dakace ni wọ́n ti ń gbé ọlọ wá bá a. Wallahi, mi ò bù mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà yunifásítì kan fi mọ́tò gbé ìyàwó rẹ̀ àti ọlọ wá láti Samaru. Ìyá mi ti gún ọlọ náà dé ìdajì kí ọkùnrin yìí tó rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde fùú. Ó ní ẹ̀kọ́ òkúta lòun ń kọ́ni, pé àwọn ẹyọ aláwọ̀ ewé yẹn, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tí kànga kankan ò lè dé láéláé ni wọ́n ti wá, iná abẹ́ ilẹ̀ ló gbé wọn gòkè.

Inú bàbá mi dùn débi pé ó sọ̀rọ̀ láìronú.

"Tíṣà, ẹ máa mú un lọ. Mo fi ta yín lọ́rẹ."

"Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Màá fọ́ ọ ni, kí n lè yọ àwọn ẹyọ inú rẹ̀."

Ó na ọwọ́, ó gba òkúta lọ́wọ́ ìyá mi. Òkúta yẹn ló ń bọ́ wa bí lọ́rì bá kú sọ́nà. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í já ọkọ rẹ̀ nírọ́ lójú àlejò. Ó rọra kúnlẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ yín ò ní bọ́ sílẹ̀, Bàbá wọn. Ìdajì ọlọ ìyàwó Tíṣà ló kàn kù. Màá fi eyín gún ìyẹn."

"Kai!" ni ìyàwó Tíṣà ké. "Bàbá ọmọ mi, ṣé òkúta lẹ máa jẹ lálẹ́ ni?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Tíṣà ò gbé òkúta sílẹ̀.

Èmi ní tèmi, mo ní ẹyọ aláwọ̀ ewé kan tó ti já bọ́ lára rẹ̀ nígbà ọyẹ́, ó tó ẹyin awó. Inú àpò ṣòkòtò mi ló ń gbé. Òun ni mo fi ń ṣe fáàrí fún gbogbo ọmọ àdúgbò, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo yọ ọ́.

"Ẹ gba èyí, sà. Kò sí dúdú lára rẹ̀ rárá. Ẹ fi ti ìyá mi sílẹ̀."

Ó yí i sí oòrùn, ó yí i padà. Ó wá gbé òkúta dúdú kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

"Ìyá, níbo lọmọ yìí ti kọ́ bí a ṣe ń nájà?"

"Ilé yìí náà ni," ni ìyá mi wí, ó sì gún ìdajì ọlọ tó kù.

Ayé ti yí. Ẹ̀rọ ń lọta ní gbogbo kọ̀rọ̀, ọlọ ìyá mi ti di ibi tí adìyẹ ti ń mumi. Òkúta dúdú ló ń di ilẹ̀kùn mi mú bí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì dé láìpẹ́ yìí, ó ní kí n fún òun ní òkúta náà. Mo ní kó fi ọwọ́ kan gbé e.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná.