Ẹjọ́ Màmá Bọ́sẹ̀ Tí A Bẹ̀ Kúrò ní Àgọ́ Ọlọ́pàá

Iná ṣì ń jó lórí òrùlé búkà Màmá Bọ́sẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀. Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá ni mí nígbà náà, ní Sabon Gari, àdúgbò àwa àlejò nílẹ̀ Hausa, tí wọ́n bí mi sí. Ọkùnrin kan ló gbé gbohùngbohùn dúró síwájú búkà náà lọ́sàn-án ààwẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ kọ́ olóúnjẹ yẹn lọ́gbọ́n. Àwọn tó ń gbọ́ ọ kò jẹ́ kó tún un sọ tí wọ́n fi dáná sun búkà náà. Ọwọ́ òsì Màmá Bọ́sẹ̀ jóná níbi tó ti ń wá ọ̀nà jáde.

Ẹjọ́ yẹn kò le rárá. Òfin tó ní ká má dáná sunlé wà, èyí tó ní ká má ru èèyàn sókè wà, kí wọ́n tó bí bàbá mi. A mú ọkùnrin náà. Alhaji kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Kantin Kwari fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá jẹ́rìí.

“Èmi náà ń gbààwẹ̀,” ó ní. “Wallahi, ààwẹ̀ mi ò ní kí n sun búkà ẹnikẹ́ni. Kọ orúkọ mi síbẹ̀.”

Lọ́jọ́ kẹta làwọn àgbà dé, tiwa láti ṣọ́ọ̀ṣì àti tiwọn láti mọ́sálásí. Baba Ìjọ, tó gbé mi dání lọ́jọ́ ìsàmì mi, dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ọ́fíìsì.

“Túndé ọmọ mi, a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Bá wa bẹ ìyá yẹn.”

“Baba, ẹ dìde, ẹ má sọ mí dẹni ègún!”

Ẹ̀rù bà mí. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Bọ́sẹ̀ nílé ìwòsàn, mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà pé òun ò ṣẹjọ́ mọ́. Kò mọ̀wé, èmi ni mo di ìka rẹ̀ mú tó fi tẹ̀ka síwèé pé òun jáwọ́ nínú ẹjọ́. A tú ọkùnrin náà sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Alhaji wá béèrè ọjọ́ tí kóòtù máa jókòó, ojú ń tì mí láti dá a lóhùn. Kí ọdún tó yípo, gbohùngbohùn yẹn ti dé àdúgbò Noman's Land, ṣọ́ọ̀bù mìíràn sì ti jó.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Lóṣù tó kọjá, olóṣèlú kan kó àwa ará Sabon Gari jọ sí gbọ̀ngàn, ó ní àwọn fẹ́ ṣòfin tuntun tí yóò pa àwọn agbawèrèmẹ́sìn lẹ́nu mọ́. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Inú bí mi. Mo dìde.

“Òfin wo lẹ tún ń wá? Èyí tó wà nílẹ̀ ti dógùn-ún, ẹ ò lò ó rí! Ẹni tí ò fi ọkọ́ tó wà nílé roko, kí ló fẹ́ fi tuntun ṣe? Ìsọkúsọ gbáà!”

Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Àwọn èèyàn ń kan sáárá sí mi. Màmá Bọ́sẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ó dìde díẹ̀díẹ̀.

“Túndé, òótọ́ lo sọ,” ó ní. “Èmi náà ń bínú. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, sọ fún wọn: ta ló di ìka mi mú?”

Mo jókòó.